Ta Ni Yóò Ni Ọkọ̀ Tí Kò Ní Awakọ̀?

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ń wa ara rẹ̀ kì í ṣe àlọ́ mọ́. Ní ìlú Phoenix ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti oṣù October ọdún 2020 ni ará ìlú ti lè fi ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ̀ pe ọkọ̀, kí ọkọ̀ náà wá dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, kí ó wọlé, kí ó sì bá àga awakọ̀ ní òfìfo. Ilé-iṣẹ́ Waymo, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Google ní ọdún 2009, ni ó ni àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí. Wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní San Francisco ní oṣù June ọdún 2024, ó sì dé Los Angeles kí ọdún náà tó parí. Nígbà tí ó fi máa di oṣù April ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé àwọn èrò ń sanwó wọ ọkọ̀ òun ju ìgbà 250,000 lọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Ní Wuhan ní ilẹ̀ Ṣáínà, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbé èrò, ilé-iṣẹ́ Baidu ni ó ni wọ́n. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti ṣe òfin tí yóò máa darí wọn ní ọdún 2024. Bátìrì ni ó sì ń gbé púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí rìn, kì í ṣe epo bẹntiróòlù.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ni yóò gbọ́ ìròhìn yìí, tí wọn yóò rẹ́rìn-ín, tí wọn yóò sì ní, "Kí ni ó kàn wá nínú rẹ̀? Ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà, tí ewúrẹ́ àti alágbàrù ń bá mọ́tò du, ṣé ibẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò ti wa ara rẹ̀?" A kò dá wọn lẹ́bi fún ẹ̀rín náà. Ṣùgbọ́n bóyá ẹ̀rọ náà lè rí ewúrẹ́ kọ́ ni ìbéèrè tí ó yẹ kí á bi ara wa. Ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀ ni ti ẹni tí yóò ni ọkọ̀ náà. Kí ìdí rẹ̀ lè yé wa, a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé bá wa yà sí Sawaba, ní ìlú Kumasi, ní ilẹ̀ Ghana.

Sawaba jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò zongo Kumasi, nítòsí Asawase. Èdè Hausa ni orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìrọ̀rùn tàbí ìtura. Àwọn tí ó fẹ́ràn ìtàn òṣèlú yóò rántí pé orúkọ yìí kan náà ni ẹgbẹ́ Djibo Bakary jẹ́ ní ilẹ̀ Niger, ẹgbẹ́ tí ó ní kí àwọn ènìyàn dìbò "Bẹ́ẹ̀ kọ́" fún ìjọba Faransé ní oṣù September ọdún 1958. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó ní mọ́tò tiwọn kò pọ̀. Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń lò, lẹ́yìn rẹ̀ trotro, takisí tí èrò ń wọ̀ pọ̀, àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Pragya, èyí tí àwa ń pè ní kẹ̀kẹ́ Márúwá. Òfin ìrìnnà tí Ghana ṣe ní ọdún 2012 sọ nígbà náà pé kí ẹnikẹ́ni má fi alùpùpù tàbí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé èrò gba owó. Síbẹ̀ Pragya gba ìgboro Kumasi kan, nítorí pé ẹni tí ó rẹ̀ tí ó sì gbé ẹrù kì í ka ìwé òfin kí ó tó wọ ọkọ̀. Trotro ní tirẹ̀, inú èdè Gã ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Tọ́rọ́, owó kọ́bọ̀ mẹ́ta ayé àtijọ́, ni owó ọkọ̀ nígbà náà, wọ́n sì fi orúkọ owó náà sọ ọkọ̀. Etí Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀nà tí ọ̀dọ́mọkùnrin aláìní ń gbà di olówó ọkọ̀ ní irú ibẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Òun ni ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní "mate", òun ni ó ń ké orúkọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ, òun ni ó ń gba owó, òun ni ó ń fọ ọkọ̀ ní alẹ́. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá ń sinmi lọ́sàn-án, yóò máa kọ́ ìwakọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú gáréèjì, títí yóò fi gba ìwé àṣẹ. Lẹ́yìn náà, olówó ọkọ̀ kan yóò fi mọ́tò lé e lọ́wọ́. Iye kan ni yóò máa san fún olówó ọkọ̀ lójoojúmọ́, èyí tí àwọn ará Ghana ń pè ní "sales". Ohun tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn owó epo ni ti awakọ̀. Bí ó bá jẹ́ olóòótọ́, ọjọ́ ń bọ̀ tí olówó ọkọ̀ yóò bá a kọ ìwé "work and pay", èyí ni pé kí ó máa ṣiṣẹ́ kí ó sì máa san. Wọn yóò dá iye kan tí ó ju owó tí a fi ra ọkọ̀ lọ. Awakọ̀ yóò máa san án ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tàbí lóṣooṣù fún ọdún kan, méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ó bá san án tán, ọkọ̀ di tirẹ̀.

A kò sọ pé ètò yìí dára tán. Èlé orí owó náà máa ń pọ̀ jù. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, awakọ̀ ni ó ń tún un ṣe. Bí ó bá sì jẹ gbèsè nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ó san tán, olówó ọkọ̀ lè gba ọkọ̀ padà kí làálàá ọdún méjì di òfo. Ìkánjú láti san owó yìí wà nínú ohun tí ń mú awakọ̀ sá eré àsápajúdé, tí ó sì ń mú un wakọ̀ nígbà tí oorun ń kùn ún. Síbẹ̀, àkàbà ni. Ọmọ tí kò ní ilẹ̀, tí kò ní ohun ìdúró tí báǹkì lè gbà, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń yá a lówó. Ta sì ni olówó ọkọ̀? Kì í ṣe Rockefeller. Olùkọ́ ni, nọ́ọ̀sì ni, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó fẹ̀yìn tì ni, ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi mọ́tò kan ránṣẹ́ sí láti Hamburg ni. Ẹ̀yin olùkọ́ Ìbàdàn tí ẹ fi owó ìfẹ̀yìntì ra Micra kan, tí ẹ sì fi lé ọmọ àdúgbò lọ́wọ́ pé kí ó máa fi gbé èrò, ẹ mọ ohun tí à ń wí.

Nísinsìnyí, ẹ mú awakọ̀ kúrò nínú ìṣirò náà. Waymo kì í ta ọkọ̀ tí ń gbé èrò rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ra ìjókòó ìṣẹ́jú mélòó kan, ó tán. Olórí Tesla, Elon Musk, ti ń sọ láti ọdún 2016 pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹni tí ó ra ọkọ̀ òun yóò lè rán an jáde lọ ṣe iṣẹ́ takisí nígbà tí onítọ̀hún bá ń sùn. Nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní Austin ní oṣù June ọdún 2025, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ ni ó gbé èrò, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ sì jókòó síwájú láti ṣọ́ ọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ọkọ̀ tí ń wa ara rẹ̀ kì í ṣe irin àti táyà nìkan. Ó ní kámẹ́rà àti ìtànṣán tí ó fi ń wọn ọ̀nà. Ó ní àwòrán ilẹ̀ gbogbo òpópónà. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ tí ń ràn án lọ́wọ́ láti ọ̀nà jíjìn bí ọ̀nà bá rú u lójú. Ó sì ní ibùdó ńlá tí a ti ń fọ̀ ọ́, tí a sì ti ń fi iná sí bátìrì rẹ̀. Olùkọ́ kan àti awakọ̀ kan kò lè dá gbogbo ìyẹn ní.

Àwọn tí ń yìn ín ní, kò ní pọn dandan mọ́ kí ènìyàn ra mọ́tò, bí ẹ bá nílò rẹ̀, ẹ pè é, bí ẹ bá dé ibi tí ẹ ń lọ, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ. Fún ará San Francisco, tí mọ́tò rẹ̀ ń dúró lásán ní ọ̀pọ̀ wákàtí ọjọ́, ìròhìn ayọ̀ ni. Fún Sawaba, níbi tí mọ́tò kan ṣoṣo ti ń bọ́ ilé olówó ọkọ̀, ilé awakọ̀ àti ilé ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù. Bí ọkọ̀, àwòrán ilẹ̀ àti àpò owó bá wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ní California tàbí ní Beijing, owó tí ìyá aláta san láti Sawaba dé ọjà Kejetia yóò ti rékọjá òkun kí òun tó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. A ti tọ́ díẹ̀ wò nínú èyí. Láti ìgbà tí Uber ti wọ Accra ní ọdún 2016, apá kan nínú owó gbogbo ìrìn ni ó ń lọ sí òkèèrè. Ṣùgbọ́n apá tí ó pọ̀ jù ṣì ń kù sọ́wọ́ awakọ̀, nítorí pé wọn kò tíì rí ẹ̀rọ tí yóò jókòó sí ipò rẹ̀ níbẹ̀.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò ṣe wọ ilẹ̀ wa. Nígbà tí lọ́rì dé ilẹ̀ Gold Coast, àwọn àgbẹ̀ kòkó Akwapim fi èrè oko wọn rà á, wọ́n sì dá owó jọ láti la ọ̀nà mọ́tò àti láti ṣe afárá níbi tí ìjọba amúnisìn kò ti ṣe é fún wọn. Ọkọ̀ ojú irin ti dé Kumasi láti Sekondi ní ọdún 1903, owó ìjọba ni ó sì wà nínú rẹ̀. Lọ́rì àwọn ọmọ ilẹ̀ gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ débi pé ìjọba ṣe òfin láti gbèjà rélùwéè. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ wáyé ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1937, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣòwò ọkọ̀, tí ó sì jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò, wà lára àwọn tí ó darí ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn onílọ́rì. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn tí ó ń jà náà ní ohun tí wọ́n ń jà fún. Ọkọ̀ jẹ́ tiwọn.

Ohun kan tún wà tí àwọn Yorùbá tí ó ti gbé Kumasi rí kò lè gbàgbé. Ní ọjọ́ 18 oṣù November ọdún 1969 ni ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tí wọ́n bí sí ibẹ̀, tí wọ́n ní ìsọ̀ níbẹ̀, ta ọjà wọn ní ọ̀pọ̀, wọ́n sì kó sínú lọ́rì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti Ìlọrin. Ní oṣù January ọdún 1983, ọ̀nà kan náà ni àwọn ọmọ Ghana gbà kúrò ní Èkó, lọ́rì náà ni ó sì kó wọn. A kò fẹ́ tún egbò àtijọ́ ṣí. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ní ọjọ́ ìpọ́njú méjèèjì, awakọ̀ kan wà tí a lè bẹ̀, tí a lè fún lówó, tí ojú àánú lè là sí ọmọ tí ń sunkún. Ọkọ̀ tí à ń darí láti òkèèrè, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ọ́fíìsì ìjọba tàbí ti ilé-iṣẹ́ tó láti mú kí ó kọ̀ láti gbé irú ènìyàn kan, tàbí kí ó má dé àdúgbò kan. Ohun tí ó yẹ kí ó ba ẹni tí ó mọ ìtàn wa lẹ́rù nìyẹn, ju ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ lọ.

A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ ìhà kejì. Àjọ ìlera àgbáyé ṣírò pé ènìyàn mílíọ̀nù 1.19 ni ó kú sínú ìjàǹbá ọ̀nà ní gbogbo ayé ní ọdún 2021, ilẹ̀ Áfíríkà sì ń sun ẹkún tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ kì í mu ọtí, kì í sùn, kì í bá ọkọ̀ mìíràn figa gbága nítorí èrò. Bí ó bá lè dín òkú ọ̀nà Accra sí Kumasi kù, ta ni yóò kọ̀ ọ́? Síbẹ̀, ẹ̀rọ náà pàápàá ti pa ènìyàn. Ní oṣù March ọdún 2018, ọkọ̀ tí Uber ń dán wò pa obìnrin kan tí ó ń sọdá títì ní Tempe, ní Arizona. Ní oṣù October ọdún 2023, ọkọ̀ Cruise wọ́ obìnrin kan tí mọ́tò mìíràn ti kọ́kọ́ gbá nílẹ̀ ní San Francisco. Ìjọba California gba ìwé àṣẹ wọn nínú oṣù kan náà, nígbà tí ó sì di oṣù December ọdún 2024, General Motors tí ó ni ilé-iṣẹ́ náà ní òun kò náwó sí iṣẹ́ takisí aláìláwakọ̀ mọ́. Ìlú tí ọ̀nà rẹ̀ tẹ́jú, tí ìlà funfun wà lójú títì rẹ̀, ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ Kumasi ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí aláṣọ òkú bá kún ojú ọ̀nà, mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ṣì ní ẹ̀kọ́ púpọ̀ láti kọ́.

Nítorí náà, iná mànàmáná ni yóò kọ́kọ́ dé, àìláwakọ̀ yóò tẹ̀lé e. Ó sì ti ń dé. Ethiopia kéde ní oṣù January ọdún 2024 pé kò sí ọkọ̀ àdáni elépo tí yóò wọlé mọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pinnu pé láti ọdún 2030, a kò ní máa ta ọkọ̀ tuntun tí ó jẹ́ ti bẹntiróòlù tàbí dísù nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tòkunbọ̀, ẹ rántí pé ohun tí wọ́n bá lò gbó níbẹ̀ ni ó ń dé ọ̀dọ̀ wa. Bí wọn kò bá lo elépo mọ́, oníná ni yóò di tòkunbọ̀, pẹ̀lú bátìrì tí agbára rẹ̀ ti ń tán. Ní Cotonou àti Lomé, àwọn ọlọ́kadà ti ń gun alùpùpù oníná láti ọdún 2022, nínú ètò ilé-iṣẹ́ tí ń jẹ́ Spiro nísinsìnyí. Bí iná bá tán, wọn kì í dúró. Wọn yóò lọ sí ibùdó, wọn yóò fi bátìrì òfìfo gba èyí tí ó kún, wọn yóò sì san owó. Ọgbọ́n tí ó dára ni, nítorí pé ó mú kí alùpùpù dínwó. Ṣùgbọ́n bátìrì kì í ṣe ti ọlọ́kadà. Ara alùpùpù ni ó ni, ilé-iṣẹ́ ni ó ni ọkàn rẹ̀, ẹni tí ó ni ọkàn ni yóò sì máa dá iye owó.

Iná fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ghana sàn jù wá lọ nínú èyí, a kò ní fi ìlara sẹ́ ẹ. Nkrumah ṣí ìdídò Akosombo ní oṣù January ọdún 1966, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì dé ibi púpọ̀. Síbẹ̀, láàrin ọdún 2012 sí 2016, ìmẹ́hẹ iná ba orílẹ̀-èdè náà débi pé wọ́n fún un ní orúkọ ní èdè Twi: dumsor, èyí ni pa-á-tàn-án. Nígbà tí iná bá lọ ní ayé mọ́tò elépo, òkùnkùn ni à ń wà. Ní ayé mọ́tò oníná, ẹsẹ̀ ni a óò fi rìn.

Ní Suame Magazine, ní ìhà àríwá Kumasi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníṣẹ́ ọwọ́ ń tún ọkọ̀ ṣe: mẹkáníìkì, pánẹ́bítà, rewáyà, alágbẹ̀dẹ irin, àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ọkọ̀ oníná kò ní púlọ́ọ̀gì, kò ní sàlẹ́ńsà, kì í béèrè ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Rewáyà yóò rí iṣẹ́ nínú rẹ̀ bí ó bá kọ́ ọ. Ẹni tí ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe kò ní rí i. Èyí kì í ṣe ohun tí a kò lè yanjú. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà ní Kumasi, èyí tí ń jẹ́ orúkọ Nkrumah, ti gbé ibùdó ìkọ́ṣẹ́ kan lọ sí àárín àwọn oníṣẹ́ Suame ní ọdún 1980, kí ọ̀jọ̀gbọ́n àti alágbẹ̀dẹ lè jọ fọwọ́ kan irin kan. Irú rẹ̀ ni a ń fẹ́ fún bátìrì, ní Suame àti ní Ládípọ̀ ní Èkó, nísinsìnyí tí àkókò ṣì wà. Ẹ̀yin olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ọmọ tí ẹ ń kọ́ ní kábúrétọ̀ lónìí yóò pé ọmọ 40 ọdún nínú ayé tí kò ní kábúrétọ̀. Ẹ fi bátìrì hàn án.

Ní ti ohun ìní, èrò wa ni pé kí á má ṣe dúró de ìgbà tí ilé-iṣẹ́ òkèèrè yóò wá pín in fún wa. Awakọ̀ kan kò lè ra bọ́ọ̀sì oníná, owó rẹ̀ ga jù. Ṣùgbọ́n ogún awakọ̀ nínú ẹ̀ka kan ti ẹgbẹ́ awakọ̀ GPRTU, tí wọ́n ti ń dá susu tẹ́lẹ̀, tí susu náà sì bá èsúsú wa mu ní orúkọ àti ní ìṣe, lè rà á ní àjùmọ̀ní. Wọ́n lè gbé ohun tí ń gba iná oòrùn sórí òrùlé gáréèjì wọn, kí dumsor má baà dá wọn dúró. Bí ọjọ́ aláìláwakọ̀ bá sì dé, kí ó bá wọn gẹ́gẹ́ bí onílé, kí ilé-iṣẹ́ tí ó ni ọgbọ́n ẹ̀rọ wá bá wọn dá òwò pọ̀. Ìjọba ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ghana ti ní òfin tí ń dáàbò bo ìsọfúnni ènìyàn láti ọdún 2012, Nàìjíríà ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2023. Kí wọ́n fi kún un pé ẹnikẹ́ni tí yóò fi kámẹ́rà ya àwòrán òpópónà wa láti fi wa ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, kí ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ lélẹ̀ fún ìlú. Kí àwọn ìjọba ECOWAS, tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé ìrìnkèrindò láìsí ìdíwọ́ láti ọdún 1979, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ọkọ̀ aláìláwakọ̀ tí yóò kọ èrò nítorí ẹ̀yà rẹ̀ tàbí àdúgbò rẹ̀.

Nínú ètò ìṣúná ọdún 2024, ìjọba Ghana sọ pé òun yóò yọ owó ibodè kúrò lórí ọkọ̀ oníná tí a bá rà fún gbígbé èrò, fún ọdún 8. A mọ àwọn tí irú ìkéde bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ ṣe láǹfààní: àwọn tí ó ní lọ́yà, tí wọ́n sì mọ ilẹ̀kùn tí a ń kàn. A fẹ́ kí àwọn olórí ẹgbẹ́ awakọ̀ ní Sawaba, Asawase àti Kejetia béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ìrìnnà, ní ìwé àti ní orúkọ ẹgbẹ́, bóyá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù awakọ̀ lè gba ìdáríjì owó náà, ìwé wo ni wọn yóò mú wá, àti ọjọ́ wo ni ọdún 8 náà yóò pé. Kí àwọn olùkọ́ àdúgbò náà bá wọn kọ ìwé ọ̀hún.